Ṣé Adágún Ti Dì?

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n pín káàdì tuntun fún wa.
Ilé-iṣẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló ra ọsibítù wa,
ó gba mẹ́rin mìíràn ní ènì.
Wọ́n kun ògiri ẹnu ọ̀nà ní àwọ̀ ewé,
wọ́n ní ẹbí kan ni gbogbo wa báyìí.
Orúkọ mi wà lára káàdì náà láìní àmì kankan,
Faderera,
bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín.

Iṣẹ́ mi kò yí pa dà. Bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tì.
Mo ń tì í láti yàrá pàjáwìrì dé ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun,
láti ibi tí wọ́n ti ń bímọ dé àjà kẹrin;
nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá,
a ó fi aṣọ bò ó, a ó wọ ẹlifétọ̀ ẹ̀yìn,
kí àwọn tó gbé òdòdó wá má baà pàdé wa.
Fóònù kékeré tó wà ní ìbàdí mi ń ka ìṣẹ́jú:
mẹ́jọ fún ẹni tó wà láàyè,
mẹ́jọ náà fún ẹni tó ti lọ.
Táyà bẹ́ẹ̀dì kẹtàdínlógún a máa ké bí òròmọdìyẹ.
Ó ti ń ké látìgbà olówó àná.
Olówó tuntun ò tíì gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, yàrá kẹsàn-án, àjà kẹrin,
ogójì ọdún ló fi bá ọkọ̀ akóòkúta-irin rìn lórí omi Superior.
Kì í bi dókítà ní nǹkan kan. Èmi ló ń bi.
“Ṣé adágún ti dì?”
Mo wá sọ ọ́ di àṣà, kí n tó wọlé tọ̀ ọ́,
mo ń yà sí fèrèsé, mo ń wo Duluth lóru,
iná afárá ń gbọ̀n lójú omi.
“Kò tíì dì, bàbá. Etí rẹ̀ nìkan ló ń funfun.”
A sì mirí, bí ẹni tí a jíṣẹ́ ilé fún.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, òkúta inú kíndìnrín dá mi wólẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.
Tou Vang ló tì mí. Bẹ́ẹ̀dì kẹtàdínlógún ni.
Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ìrora: ìwọ náà rèé,
òròmọdìyẹ mi.
Wọ́n tọ́jú mi dáadáa, n kò ní purọ́.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpò ìwé kan dé,
àwọ̀ ewé kan náà, ẹbí kan náà:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ó lé díẹ̀.
Àpò tí wọ́n kó owó oṣù mi sí
ni wọ́n tún kì ọwọ́ bọ̀.
Mo pín in sí oṣù mẹ́rìnlélógún. Mò ń san án lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò mi pè láti Ìkìrun:
wọ́n ní kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá
kí wọ́n tó fọwọ́ kan Màámi.
Lọ́hùn-ún, wọn a gbowó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́.
Níhìn-ín, wọn a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ọ́ ná.
Mo fowó ránṣẹ́. N kò béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè:
ta ní ń ti bẹ́ẹ̀dì Màámi?
Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, ṣé ó máa ń dáhùn?

Ọjọ́ ìsinmi mi ni Lindqvist lọ.
Tou ló tì í sísàlẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló gbà.
Orúkọ obìnrin kan ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó dé.

Lọ́jọ́bọ̀, lóṣù Èrèlé, ẹsẹ̀ mi dá yà sí fèrèsé.
Funfun, láti etíkun títí dé ibi tí ojú mi mọ.
Ó ti dì.
Fóònù ń ka ìṣẹ́jú ní ìbàdí mi.
Mo jẹ́ kó kà.