Sọ́séèjì Kẹrin

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kí ni mo ṣẹ́gun?
Ibùdókọ̀ mọ́kànlélógójì, àlọ àtàbọ̀,
yìnyín lójú gíláàsì,
ọmọkùnrin kan tó bì sórí àga ẹ̀yìn.
Mo gbé bọ́ọ̀sì ìlú sí gàréèjì, mo fẹsẹ̀ rìn wálé
lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Neckar tó ti ṣú bí inú ìkòkò.
Mi ò tíì bọ́ kóòtù tán tí fóònù fi dún.

"Mọ́mì, báwo la ṣe ń se lẹ́ńtìlì?"

Luzie ni. Ọmọ tí kì í wọ kíṣìnì mi
àfi kó ṣí fíríìjì, kó dúró síwájú ẹ̀
bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.
Ó ti lo oṣù méjì ní Bremen báyìí,
yàrá kan, fèrèsé kan, ìkòkò kan.

Ó dáa. Gbé mi sórí tábìlì kí ọwọ́ ẹ lè ráyè.
Da lẹ́ńtìlì sínú àwo funfun, kó o ṣà á.
"Inú ọ̀rá ni mo ti rà á, Mọ́mì, kò lókùúta."
Ṣà á bẹ́ẹ̀ náà.
Ìyá mi pàdánù eyín kan sọ́wọ́ òkúta kan
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Láti ìgbà náà, nílé yìí,
ojú la fi ń kọ́kọ́ jẹ lẹ́ńtìlì.

Gé àlùbọ́sà. Gé kárọ́ọ̀tì,
má jẹ́ kó tóbi ju èékánná ọmọńdinrín ẹ lọ.
Mò ń gbọ́ ọ̀bẹ ẹ lórí pátákó:
kọ́, kọ́, ó dákẹ́, kọ́.
Ṣé ò ń sunkún ni?
"Àlùbọ́sà ni."
Mo ní ó dáa, àlùbọ́sà ni.
Èmi náà ń gé tèmi lápá ibí.
Àlùbọ́sà ni.

Bu omi sí i, kó fi ìka méjì ga ju lẹ́ńtìlì lọ.
Má tíì fi fínígà sí i o.
Ohun tó bá tètè rí kíkan kì í rọ̀ mọ́.
Ó jọ òwe, kì í ṣe òwe. Lẹ́ńtìlì ni mò ń sọ.

Lẹ́yìn náà a ò sọ nǹkan kan.
Ìkòkò méjì ń hó ní Jámánì,
ọ̀kan ní gúúsù, ọ̀kan ní àríwá,
kò sẹ́ni tó pa fóònù.
Ṣé yàrá ẹ ń móoru? "Ó ń móoru."
Ṣé o ti lọ́rẹ̀ẹ́?
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Ẹnì kan wà tó máa ń yá mi ní ṣíbí."

Sọ́séèjì ò fẹ́ híhó, omi gbígbóná lásán ló fẹ́,
tó bá hó, awọ ẹ̀ á bẹ́.
Méjì méjì ni apẹran ń so wọ́n bí ìbejì,
mo sì ra so méjì,
bí mo ṣe ń rà á láti ìgbà tí Veit ti hu eyín.
Mo ti mọ̀ pé o ti lọ.
Ọwọ́ mi ni ò tíì gbọ́.

Ó yá, fínígà wàyí. Ṣíbí méjì. Tọ́ ọ wò.
"Ó kan!"
Fi ṣúgà bíńtín sí i. Tọ́ ọ wò.
Mo gbọ́ ṣíbí, mo gbọ́ bó ṣe gbé e mì.
"Ó kù díẹ̀ kó jọ ọ́."
Á jọ ọ́ lọ́la, mo ní. Ọjọ́ kejì ló máa ń dùn.

Àwa mẹ́ta jókòó. Bàbá mi, Gotthilf, gbàdúrà kúkúrú,
nítorí ebi.
Veit na fọ́ọ̀kì: "Ta ló máa jẹ ìkẹrin yìí?"
Ẹ fi sílẹ̀, mo ní.
Mo gbé e sínú àwo, mo fi àwo mìíràn dé e,
mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí n tó jáde sí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́,
àwo méjèèjì ti di fífọ̀, wọ́n dojú délẹ̀, wọ́n ti gbẹ.
Eyín àtọwọ́dá bàbá mi wà nínú ife omi,
ó ń rẹ́rìn-ín,
músítádì lára ọ̀kan.