Itọ́ Lára Koríko

Ta ló tutọ́ sí koríko mi?
Mo bi afẹ́fẹ́ léèrè ní kùtùkùtù, lápá Ìlọ́kọ̀,
ìrì ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.
Itọ́ funfun, ó ń hó ní ìdí ewé
bí ìfófó tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún fọ̀ kúrò lára ìgò
nílé-iṣẹ́ ọtí ní Iléṣà.
Mo ti fẹ́ lọ bá ọ̀gá iléèwé jà,
pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gba oko mi kọjá,
tí wọ́n ń tutọ́ sóhun tí màlúù mi yóò jẹ.

Bọ̀sẹ́dé, ọmọ ọ́fíìsì àgbẹ̀, ló rẹ́rìn-ín.
Ó fi ọmọ ìka nu ìfófó náà:
kòkòrò kan wà nínú rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ,
ó rọ̀, ó pupa rúsúrúsú,
ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀.
“Bàbá, itọ́ kọ́. Aṣọ rẹ̀ nìyẹn.
Omi ara koríko yín ló ń mu,
èyí tó ṣẹ́kù ló fi ń bora.”

Mo ti rí olè rí.
N kò rí èyí tó fi ẹrù olè dá agbádá.

Mo sáré gbé gálọ́ọ̀nù oògùn tí mo rà lọ́jà Àtakúnmọ́sà,
èyí tí wọ́n ya agbárí òkú sí lára.
Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé,
“Ta ni yóò mu wàrà àwọn màlúù yìí?”
Mo rántí ọmọ ọmọ mi àti ife rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Mo gbé gálọ́ọ̀nù sílẹ̀.

“Aṣọ rẹ̀ ni kí ẹ bọ́.
Ẹ jẹ́ kí màlúù jẹ koríko wálẹ̀ kó tó ga jù,
kí oòrùn lè rí ìdí rẹ̀.
Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ kan gbòǹgbò o,
koríko tí a fá kodoro kì í lè jà.”
Ó kan pákó mẹ́rin pọ̀, ó ní kí n máa jù ú,
ibi tó bá balẹ̀ sí, kí n lóṣòó, kí n kà.

Bàbá mi, Fápohùndà, ta aṣọ láwìn dé Ìkàrẹ́.
Ilẹ̀ á mọ́, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mu omi wọn,
òṣòó lòun ó ló títí owó òun yóò fi pé.
Ojú iṣẹ́ náà tì mí léwe.
Mo búra pé n ò ní lóṣòó fún ẹnikẹ́ni.
Ẹ wò mí, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
orúnkún ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
mo ń ka itọ́: mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá,
òmíì tún nìyí lábẹ́ ewé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

A da màlúù wọ apá ìsàlẹ̀.
Mo kó wọn jáde nígbà tó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Oòrùn wọlé. Ìfófó gbẹ, ó di èépá.
Lékeléke mẹ́fà tẹ̀ lé wọn, wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi.

Kò tán o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́.
Lókè, létí odò, ewé ṣì ń pọ́n,
n ò sì tíì dé orí ọ̀rọ̀ ikán.
Ṣùgbọ́n méje ni mo kà lánàá,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ.

Òní ńkọ́? Mo ti ju pákó.
Ìrì ṣì wà nílẹ̀.
N kò mu omi. N kò jókòó.