Omidùn

Ìwọ tí o ń ta mí nípàá nínú,
gbọ́: ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Pópó-Ọbà,
àwọn ọkọ̀ ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti tún jí, ó ń ha ara.
Kírí, kírí, kírí,
bí eku tó há sínú páálí.

Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni Ràfíátù.
Mo mọ ìró èékánná rẹ̀ láàárín òjò,
mo mọ̀ ọ́n láàárín jẹnẹrétọ̀ alájọgbé wa.
Mo fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́
kó má baà tún ha ẹ̀yìn orúnkún títí ẹ̀jẹ̀.
Eyín ló fi bọ́ ọ.

Ìyá ọkọ mi ní ìfo ni.
Kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ní kúrúnà ni,
ó ta ìpara kan fún mi,
awọ ọmọ mi bó bí awọ ẹ̀pà tútù.
Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kò pè é ní nǹkan kan.
Ó kàn gbé ọmọ tirẹ̀ kúrò lórí ẹní wa.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì Ọnàfowókàn ló fi ọwọ́ lásán kàn án.
“Ẹ́síímà ni. Kì í ràn.
Ṣé ẹnì kan wà nílé yín tí irú èyí ń ṣe,
tàbí tí èémí rẹ̀ ń há lásìkò ọyẹ́?”
Mo rántí ikọ́ fée ọkọ mi.
Mo wo ìyá ọkọ mi.
Ìyá ọkọ mi ń wo fèrèsé.

Nígbà náà ló gbé ojú sí ikùn mi, sí ọ̀dọ̀ rẹ.
Ó ní àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín kan ń gbé inú ìfun ènìyàn,
ojú kò rí wọn, wọn kò sì ṣe wá ní ibi;
àwọn ló ń kọ́ ara ọmọ
láti mọ olè yàtọ̀ sí àlejò.
“Ara Ràfíátù ń bá àlejò jà ni.”
Ó ní àwọn aboyún kan ti gbé irú wọn mì nínú oògùn,
ara ọmọ àwọn kan kò yún tó ti àwọn yòókù;
ti àwọn mìíràn yún síbẹ̀síbẹ̀.
“Mi ò ní búra fún ọ,” ló wí.
Gbólóhùn yẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Mo béèrè iye rẹ̀.
Agolo kan, owó ẹja ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Bàbá rẹ ní òun á ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.
Mo ní, ṣé ọwọ́ lo máa fi wa omi ni?

Lálẹ́, mo ṣí ìkòkò ògì.
Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn, ó ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́,
bíi pé ẹnì kan ń mí nísàlẹ̀.
Omidùn là ń pè é, kò sì dùn rárá.
Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, ṣé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni,
àbí ó tọ́ ohun tí ahọ́n tiwa kò mọ̀ wò?
Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀: kì í ṣe ohun kan náà,
ẹnikẹ́ni kò tíì ka àwọn tó wà nínú ìkòkò mi;
ọmọ tuntun, ọyàn nìkan.
Mo gbọ́. Èmi ni mo mu ún.
Ife kan. Ó kan débi pé ojú mi dì.
O ta mí nípàá lẹ́ẹ̀mejì.
N kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni tàbí ìjà.

Ràfíátù ti wẹ̀, mo ti fi fasilíìnì pa á kí omi tó gbẹ,
ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.
Ikùn mi náà ń yún mi, ibi tí o ti fà á fẹ̀.
Ó rí mi tí mo ń ha á.
Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan,
ó bá mi ha á, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa.