Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi Lọ́jọ́ Òjò

Ilé ìdáná wa ní Bàrísàlì kò lẹ̀ mọ́ ilé.
Àgbàlá ló là wọ́n láàárín, ẹrẹ̀ ló kún àgbàlá,
òjò oṣù keje sì ń lu páànù bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ìyá àgbà Mehérjàn wà lórí ibùsùn,
ọjọ́ mọ́kànlá tí ibà ti ń fi í ṣeré,
ọjọ́ mọ́kànlá tí omi nìkan ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló lajú, ó ní:
"Kíṣúrì ni mo fẹ́ jẹ."

Bàbá àgbà dìde.
Tòfásálì, tó fi ọgbọ̀n ọdún tukọ̀ lójú odò,
tó mọ ibi tí iyanrìn ba sí lábẹ́ omi lóru,
kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Èmi ni wọ́n ń rán.
Mo fi ewé kókò borí,
mo ń sá lọ, mo ń sá bọ̀.

"Sọ fún un kó kọ́kọ́ yan dáàlì yẹn nínú ìkòkò gbígbẹ,
kó má kan omi, kó má kan òróró,
títí òórùn rẹ̀ yóò fi ta sánsán bí ẹ̀pà tuntun."
Mo sáré. Mo jíṣẹ́.
Bàbá yan án, ó rò ó, ó tún rò ó,
igi tútù kọ̀ kò jó, èéfín kó sí i lójú,
ó ń bá iná wí bí ẹni ń bá ọmọṣẹ́ wí.

Mo padà. Ìyá àgbà ti gbé imú sókè.
"Ó ti ń jóná! Sọ fún arúgbó yẹn
pé àádọ́ta ọdún ni mo fi bọ́ ọ,
kò wo inú ìkòkò rí, àfi tó bá fẹ́ bu ẹja."
Àgbàlá náà kò gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi.
Bí wọ́n bá sì rán ni níṣẹ́ ẹrú,
ṣebí tọmọ là á fi jẹ́ ẹ.
Mo ní, "Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn.
Wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ mọ́kànlá, n kò tíì rí eyín rẹ̀.

Kúmínì ń ta pàrà nínú òróró músítádì,
ata ilẹ̀ gígún tẹ̀ lé e, ata ilẹ̀ pupa tẹ̀ lé ìyẹn,
ìrẹsì fífọ̀ wọlé, dáàlì wọlé,
gbogbo rẹ̀ wá pọ́n bí òòrùn tí a kò rí lọ́sẹ̀ yẹn.
"Lọ bi í, omi ńkọ́?"
"Kó ki ìka bọ̀ ọ́. Kó mu oríkèé kejì."
"Lọ bi í, ìka ta ni?"
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.
"Ìka tèmi ni o! Ìka tirẹ̀ á sọ ọ́ di odò."

Ìgbà tí mo sọ èyí, Bàbá kò rán mi mọ́.
Ó jáde sínú òjò láìborí,
ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ lẹ́nu ọ̀nà,
ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ti rù kan egungun,
ó na ìgbálẹ̀ yẹn ti ìka rẹ̀,
ó wọ̀n ọ́n, ó ṣẹ́ ẹ,
kò sọ nǹkan kan, ó padà sídìí iná.

Nígbà tó gbé àwo dé, ooru rẹ̀ bo ojú àwọn méjèèjì.
Ìyá àgbà jẹ òkèlè kan. Ó jẹ ìkejì.
Bàbá jókòó tì í, orúnkún kan orúnkún,
síbẹ̀ èmi ló kọjú sí:
"Sọ fún un pé kò fi iyọ̀ sí i."

Mo wo Bàbá. Omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.
Mo wo àwo: ó ti ku díẹ̀ kó tán.
Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ bu òmíràn wá."