Ta Ló Bu Etí Rẹ Jẹ?

Ogún ọdún ni mo ti ń gé koríko ilé-ìwé yìí
ní Bundaberg, níbi tí oko ìrèké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun.
Ọdọọdún làwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń bi mí:
"Clarrie, ta ló bu etí rẹ jẹ?"

Mo ní ajá ni.
Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní ọ̀nì ni, ọ̀nì odò Burnett:
ó kí mi, ó tọrọ iyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.
Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí agogo á fi lù.
Irọ́ a máa fúyẹ́ lẹ́nu àgbà.

Oṣù Kejì ni, aago mọ́kànlá.
AKẸTẸ̀ Ò SÍ, ERÉ Ò SÍ: ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri.
Ìyáàfin Pascoe dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ike ìpara ńlá,
ó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan,
imú, iwájú orí, ẹ̀yìn ọrùn,
"Ẹ má gbàgbé etí, ẹ má gbàgbé etí,"
ó wo ọ̀dọ̀ mi, ó yára wolẹ̀.

Tilda Rasmussen ò mú akẹtẹ̀ wá.
Ó jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó fọwọ́ lẹ́rán,
bọ́ọ̀lù ń fò kọjá, ó ń fojú sìn ín.
"Oòrùn ò ṣe mí ní nǹkan kan," ó ní.
Mo mọ gbólóhùn yẹn.
Èmi náà ti sọ ọ́ fún ìyá mi rí.

Mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó tì í.
Mo ní: kì í ṣe ajá, kì í ṣe ọ̀nì.
Nígbà tí mo ga tó ẹ, etíkun Bargara nilé wa,
èmi àti Neville ẹ̀gbọ́n mi, láìwẹ̀wù, láàárọ̀ ṣúlẹ̀.
Ẹ̀yìn wa á pọ́n bí edé síse,
lọ́jọ́ kẹta awọ á máa ṣí,
a ó máa bó o fún ara wa, a ó fi díje:
tí ta ló gùn jù?
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé oòrùn ń kọ gbèsè sílẹ̀.
Ogójì ọdún kọjá kó tó wá sìn ín.
Èépá kékeré kan ló rán ṣíwájú, lókè etí mi.
Kò jiná. Mo ní abẹ ìfárí ni.
Dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ni.
Wọ́n gé ìdajì, wọ́n ní mo ríre.
Ti Neville wà láàárín ẹ̀yìn, níbi tójú rẹ̀ ò tó,
dúdú, kò ju kóró ìbẹ́pẹ lọ.

Mi ò sọ ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Tilda tẹjú mọ́ etí mi, ó pẹ́.
"Ṣé o fi ìpara sí èyí tó kù?"

Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń pa imú, mo ń pa apá,
mo ń pa etí ọ̀tún, èyí tó pé.
Mi ò fọwọ́ kan tòsì.
Mo ti kà á sí ohun tó ti lọ.

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ìpara lórí ìka méjì,
ó nà gàgà, ó fi pa á
títí dé ojú àpá. Ó tutù.

Òfin kan ní a kì í yáni lákẹtẹ̀, nítorí iná orí.
Orí mi pá; iná ò rílé gbé níbẹ̀.
Mo ṣí tèmi, mo fi dé e.
Ó bò ó dé imú. Ó fi ìka kan gbé e sókè,
ó já wọ pápá bí olú tó hu ẹsẹ̀.

Èmi wá jókòó sáyè rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji.
Akẹtẹ̀ ò sí, eré ò sí.
Koríko á dúró dè mí.