Mo Gbé Ẹsẹ̀ Sókè

Ilẹ̀ tó mọ́ yìí náà, mo ti wọ ọkọ̀ l'Ókè-Báálẹ̀.
Abéèrè ni mò ń lọ, níbi tí mo ti ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́wèé ìjọba.
Èmi, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ iléèwé méjì,
àti bàbá kan tó gbé bátìrì ọkọ̀ lé itan bí ọmọ ọwọ́.
Ní Ọláìyá, níbi tí ọ̀nà ti gun ọ̀nà lẹ́yìn,
gbogbo wa dákẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń bi títì pé, ta ló bí ọ?

Èmi mọ ẹni tó bá a gbẹ́bí.
Sínátù Àwẹ̀ró, ìyá ìyá mi,
ní nígbà tóun wà lómidan, ẹsẹ̀ ló la ọ̀nà náà,
ẹsẹ̀ àwọn apọnmi, tí koríko ń yà fún.
Kò fẹ̀ ju èjìká ẹnìkan àti ẹrù rẹ̀ lọ:
bí o bá pàdé àna rẹ, ìwọ lo máa bọ́ sínú èèsún.
Kẹ̀kẹ́ dé.
Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, lọ́rì kòkó, tó ń sáré kí réluwéè má baà fi í sílẹ̀,
eruku rẹ̀ sì ń bá wa jẹun alẹ́.

Àwọn tó ń fi ṣéènì wọnlẹ̀ dé lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀ kan.
Wọ́n kan èèkàn mẹ́rìnlélógún, wọ́n sùn lọ sí Ẹdẹ.
Ìyá àgbà yọ mẹ́ta, ó fi se ẹ̀wà.
Ó ní ìdí tí ọ̀nà fi wọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí nìyẹn.
"Ibi tí ẹ̀wà mi ti jinná, ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń yà."
A rẹ́rìn-ín títí, a ò mọ̀ bóyá irọ́ ni.

Ọ̀dà dé, ó dúdú, ó ń yọ́ lọ́sàn-án gangan.
Bàtà mi ọ̀tún wà nínú rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó yá, ọ̀nà ní ẹyọ kan ò tó, òun fẹ́ ìbejì.
Ọmọkùnrin kan, Olágunjú, gbé ọ̀dà pupa wá s'Álẹ́kùúwodò,
ó fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri wa.
"Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ ni."
Ìyá àgbà fún un lómi.
Ó ní, "Bàbá ńkọ́? Wọ́n wà ní pálọ̀."
Ọmọ náà yọjú: àga, rédíò, ẹní.
Kò rí i pé ilẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Owó gbà-má-bínú dé lọ́dún kẹta.
Ó tó páànù, kò tó ilé.
Wọ́n ní ká hú egungun náà ká gbé e lọ,
Ìyá àgbà ní, "Ẹni tó ti sùn, ẹ má jí i nítorí àlejò.
Ẹ jẹ́ kó gba orí rẹ̀ kọjá.
Gbàdàmọ́sí tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ nígbà ayé rẹ̀,
yóò mọ̀ bí ti ẹnìkan bá ń jò."

Kátapílà dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ò sí nílé.

Nítorí náà, láàárọ̀,
bí a bá ti kọjá òpó iná kejì lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ ọ̀nà,
mo máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.
Kì í pẹ́. Bí ẹni sọ pé "ẹ kú àárọ̀" ni.

Bàbá oníbátìrì rí mi lónìí.
"Ṣé nǹkan ta yín ni?"
Mo ní, rárá, Bàbá àgbà mi ló wà níbẹ̀.
Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀, ó wo bátìrì rẹ̀,
ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sókè, ó ti pẹ́ jù,
a ti kọjá.

Dírẹ́bà ní, ta ló ń bọ́ ní Ògo-Olúwa?