Ìṣẹ́jú Àáyá

Fáníyì aláago ní Ẹ̀rẹ́jà ló bẹ̀ mí níṣẹ́:
"Ojú ewé tí o ń ṣe fún mi yẹn,
jẹ́ kí 'A TI ṢÍ' máa ṣẹ́jú sí oníbàárà."
Mo ní kékeré ni. Irọ́ ni mo pa.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà, mo fi pupa kùn ún,
mo sọ ìṣesí rẹ̀ lórúkọ: dijú-lajú.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, kó hàn kedere;
ní ìdajì, kó ṣá, kó di òfìfo;
ní ìparí, kó padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà.

Kò ṣẹ́jú. Ó ranjú mọ́ mi
bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn.
Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Ọ̀fà,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde.
Èmi náà lóṣòó ti kọ̀ǹpútà
títí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì fi dákẹ́.
Àṣé èmi gan-an ni onígbèsè:
àmì oníkókó méjì kan ni mo jẹ ẹ́.

Mo san án. Ló bá ṣẹ́jú!
Pà-pà-pà-pà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.
Mo pe àbúrò mi, Ọmọ́ṣẹ̀yẹ, kó wá wò ó.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n, pa á."
Ohun tó máa ń gbé e ṣánlẹ̀ nígbà èwe,
a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa.
Ó máa ń fi iná wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ránṣẹ́ kó tó dé.

Mo pa á. Mo jókòó sínú òkùnkùn.
Ta ló kọ́kọ́ fi ojú àáyá wọn àkókò?
Ọdẹ kan ni, mo fura,
tó pẹ́ nínú igbó, tí kò yìnbọn.

Láàárọ̀, Fáníyì ń tú ikùn aago ara ògiri,
awò há sí ojú rẹ̀ kan.
Kò gbórí sókè: "Aago tó bá ń sáré,
àìsàn ló ń ṣe é."

Mo wá fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbáko.
Mo tún kọ ọ́ sábẹ̀ pé, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ní
òun ò fẹ́ ohun tó ń mì,
kí ọ̀rọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ fún un.

Ọmọ́ṣẹ̀yẹ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.
Ó ní, "Ṣùgbọ́n Fáníyì kì í ṣí ní alẹ́."

Òótọ́ ni. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù láti aago márùn-ún.
Iná ti lọ ní gbogbo Ẹ̀rẹ́jà,
'A TI ṢÍ' ṣì ń dijú, ó ń lajú.